Tíńtì ọkọ̀ wa bá òfin Texas mu, ṣùgbọ́n Maryland ni à ń kó lọ

Ìyá Àbẹ̀ní béèrè pé:

Mo kí gbogbo yín o, tọmọdé tàgbà. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti gba ojú ọ̀nà yìí kọjá wà láàárín wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n gbé e wá síwájú yín kí n tó lọ náwó síbi tí kò yẹ.

Ọdún kẹfà rèé tí a ti ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Iṣẹ́ tuntun tí ọkọ mi rí ń gbé wa lọ sí Maryland ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Ọkọ̀ méjì ni a ní, sedan kan tí èmi ń wà àti jíìpù tí ọkọ mi ń wà, a sì ti lẹ tíńtì mọ́ méjèèjì láti ìgbà tí a ti rà wọ́n. Ẹni tó bá wa lẹ ti sedan mi sọ pé nọ́ńbà 35, ìyẹn ọ̀rá tó ń jẹ́ kí 35% ìmọ́lẹ̀ kọjá, ni òun lò fún gíláàsì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó wà níwájú, àti pé 20 ni òun lò fún gbogbo ẹ̀yìn. Ó kọ ọ́ sínú rìsíìtì, rìsíìtì náà sì wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Ọlọ́pàá kankan kò dá mi dúró lórí rẹ̀ rí.

Oòrùn Houston nìkan kọ́ ló mú kí n ní kí wọ́n ṣe ẹ̀yìn dúdú tó bẹ́ẹ̀. Àfín ni ọmọ mi obìnrin, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí. Ẹni tó bá ní àfín nílé á mọ ohun tí mò ń sọ. Kí a tó lẹ tíńtì yẹn, tí mo bá ń gbé e bọ̀ láti ilé ìwé ní ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn sì wà lápá ibi tó jókòó sí, ṣe ló máa ń di ojú pọ̀, tí á fi apá bò ó, tí á sì tẹ orí mọ́ orúnkún títí a ó fi délé. Nísinsìnyí, ó máa ń gbé orí sókè, ó máa ń bá mi ka iye ọkọ̀ pupa tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Èmi kò fẹ́ kí òfin ìpínlẹ̀ kankan dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan sọ fún mi pé 35 ni òfin Maryland gbà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé iwájú ọkọ̀ mi kò ní ìṣòro, nígbà tó jẹ́ pé 35 náà ló wà nínú rìsíìtì mi? Ẹ̀yìn tó jẹ́ 20 wá ńkọ́? Ṣé wọn kì í fi ọkọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, tó bá jẹ́ pé ó bá òfin ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mu? Mo tún ní ìwé kan tí dókítà ojú tó ń tọ́jú ọmọ mi ní Houston kọ fún wa. Ṣé ìwé yẹn á ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Lákòótán, ṣé ibí ni kí n ti yọ ọ́ kúrò, àbí kí n dé ọ̀hún ná? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Àgbà Awakọ̀ fèsì pé:

Àbúrò mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé tuntun náà tù yín lára. Láti Georgia ni èmi ti kó wá sí Maryland, ohun tí ojú mi rí ni màá sì fi dá yín lóhùn, kí ẹ má baà san owó ẹ̀ẹ̀mejì bíi tèmi.

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ní òfin tíńtì kan ṣoṣo tó de gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní FMVSS 205, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ló dè: gíláàsì tí awakọ̀ nílò láti fi ríran gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó kéré tán 70% ìmọ́lẹ̀ kọjá nígbà tí ọkọ̀ bá ń jáde nílé iṣẹ́. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti di tiyín, ọ̀rá tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀ bó ṣe wù ú. Fún gíláàsì ẹ̀gbẹ́ iwájú, Texas gba 25%, Florida gba 28%, Georgia gba 32%, Maryland gba 35%, Virginia tó múlé gbè wá gba 50%, New York sì dúró sórí 70%. New Jersey kò tilẹ̀ gbà kí èèyàn lẹ ohunkóhun mọ́ ọn àfi tí ó bá ní ìwé ìlera. Ti Michigan tún ya èèyàn lẹ́nu: ínǹṣì 4 péré láti òkè gíláàsì ẹ̀gbẹ́ iwájú ni wọ́n gbà kí tíńtì bò. Ẹ rántí pé bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí i ni gíláàsì ṣe ń dúdú sí i, torí iye ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá ni wọ́n ń kà, kì í ṣe iye tó dúró. Mo ti rí ẹni tó gbà á sódì, tó lọ lẹ èyí tó dúdú jù, tó rò pé òun ṣe ìgbọràn.

Nípa pé kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà nítorí pé ó bá òfin ìpínlẹ̀ tí ó ti wá mu: rárá o, àbúrò mi. Nígbà tí ẹ bá ti gba nọ́ńbà ọkọ̀ Maryland, òfin Maryland ló de ọkọ̀ náà. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti forúkọ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ tó lè fi orúkọ ọkọ̀ tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọ̀ ẹni tí ìpínlẹ̀ fún ní àṣẹ, tíńtì sì wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọsẹ̀. Táyà mi yege, búréèkì yege, gbogbo iná ọkọ̀ tàn. Ọmọkùnrin tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní kí n yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi sílẹ̀ díẹ̀, ó wá ki mítà kékeré kan bọ ẹnu gíláàsì náà bí ìgbà tí èèyàn fi pẹ́ẹ̀gì há aṣọ sórí okùn. Mítà náà kọ 31. Ní Georgia, tí wọ́n ti ń yọ̀ǹda 3 sókè àti 3 sísàlẹ̀ lórí 32 wọn, 31 yẹn kò ní wàhálà kankan. Ọmọkùnrin náà kò bá mi jà, ó kàn kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ̀ mi kò yege. Owó ìyọkúrò ni mo kọ́kọ́ san, lẹ́yìn náà ni mo san owó lílẹ òmíràn, kí n tó tún padà lọ síbẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ̀ yín méjèèjì, torí ó ṣe pàtàkì. Fún sedan, gbogbo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn ni 35% de ní Maryland. Fún jíìpù àti ọkọ̀ akérò kékeré, méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í níwájú nìkan ló dè. Ẹ̀yìn lè dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ó bá ṣeé ṣe, kí ọmọbìnrin yín máa jókòó sínú jíìpù bàbá rẹ̀ títí ẹ ó fi yanjú ti sedan.

Tí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà Maryland dúró lórí tíńtì, yàtọ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì, ó tún lè fún un ní ìwé pé kó lọ tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún èèyàn láti tún un ṣe, ọgbọ̀n ọjọ́ sì ni wọ́n fún un láti fi ẹ̀rí hàn pé ó ti ṣe é. Ẹni tó bá gbàgbé ìwé yẹn sínú ọkọ̀ á jẹ̀bi lẹ́ẹ̀kejì.

Onítíńtì fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, lílẹ tíńtì àti yíyọ ọ́. Mo ka ọ̀rọ̀ Àgbà Awakọ̀, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ku ibi kan tí a kò tíì fọwọ́ kàn, ibẹ̀ gan-an ló sì ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà mi sí wàhálà.

Ìyá Àbẹ̀ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi nọ́ńbà tó wà nínú rìsíìtì yín gbára lé, mà. 35 tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ọ̀rá nìkan, ìyẹn nígbà tó ṣì wà nínú páálí rẹ̀, tí kò tíì kan gíláàsì. Gíláàsì ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò mọ́ tó omi. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti pò ó pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé díẹ̀, ó sì sábà máa ń gba nǹkan bí 70% sí 80% ìmọ́lẹ̀ láyè. Òfin kò sì bi yín léèrè nọ́ńbà ọ̀rá. Ọ̀rá àti gíláàsì papọ̀ ni mítà ń wọ̀n. Ṣe ni ẹ ó sọ méjèèjì di púpọ̀: tí gíláàsì yín bá ń gba 78%, tí ẹ lẹ ọ̀rá 35 mọ́ ọn, 35% nínú 78 yẹn ló kù, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 27%. Ìdí nìyẹn tí Texas fi gbà yín láyè, torí 27 ṣì ju 25 lọ. Maryland kò ní gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 35 ló wà nínú rìsíìtì. Ẹ̀yìn tí wọ́n fi ọ̀rá 20 ṣe á wà ní nǹkan bíi 16%. Mo ti rí ẹni tó fi rìsíìtì bá onímítà jiyàn títí ohùn rẹ̀ fi há, ẹ̀gbọ́n mi, mítà kì í ka rìsíìtì.

Lórí ìṣirò yẹn náà ni ẹ ó ti rí ohun tó yẹ kí ẹ lẹ̀. Fún Maryland, ọ̀rá 50 lórí gíláàsì 78 á fún yín ní 39%, ìyẹn sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàtọ̀ tó lè wà láàárín mítà kan sí òmíràn. Èmi kì í lẹ̀ ẹ́ kó fẹnu ko nọ́ńbà òfin rẹ́gí, torí mítà tèmi àti mítà ọlọ́pàá lè fi nọ́ńbà kan tàbí méjì yàtọ̀ síra. Ẹ óò tún rí ìdí tí èèyàn kì í fi rí tíńtì dúdú lẹ̀ ní New York tàbí níwájú ní California, níbi tí òfin ti dúró sórí 70%: tí gíláàsì bá ti gba 75% láti ilé iṣẹ́, ọ̀rá tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ọn gbọ́dọ̀ mọ́ tó 94% kí àpapọ̀ wọn tó lè kọjá 70. Ọ̀rá tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ wà, àmọ́ tí ẹ bá wò ó, ẹ ò ní mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn jíìpù ọkọ yín lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ jíìpù ló jẹ́ pé láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti po àwọ̀ dúdú pọ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn wọn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rá, kò sì ṣeé bó. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rá wà lórí rẹ̀, ẹ yí gíláàsì náà sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wo etí rẹ̀ lókè láti inú: ẹ óò rí ìlà tín-ín-rín níbi tí ọ̀rá parí sí. Tí ìlà bá ti wà níbẹ̀, ọ̀rá ni.

Ní ti yíyọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bíléèdì irin kan gíláàsì ẹ̀yìn yín. Àwọn ìlà pupa rúsúrúsú tó sùn gbọọrọ lára rẹ̀ ni wáyà tó ń mú un gbóná kí ìkùukùu àti yìnyín lè yọ́ lójú rẹ̀. Tí bíléèdì bá gé ọ̀kan, ibẹ̀ kò ní gbóná mọ́, ẹ sì máa nílò rẹ̀ gan-an nígbà òtútù Maryland ju bí ẹ ṣe nílò rẹ̀ ní Houston lọ. Bí èmi ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń fi ẹ̀rọ tó ń tú oru omi jáde, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń na aṣọ, fẹ́ oru sí ọ̀rá náà láti igun òkè, títí gọ́ọ̀mù rẹ̀ á fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa fi èékánná gbé igun rẹ̀, mo sì máa fà á wálẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ọ̀rá àti gọ́ọ̀mù lè jọ tẹ̀ lé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá fi ìkánjú fà á, ọ̀rá nìkan ni yóò wá, gọ́ọ̀mù á kù sórí gíláàsì bí oyin tó ti dì. Omi ọṣẹ gbígbóná àti ohun ìha tí wọ́n fi ike ṣe ni ẹ ó fi yọ ìyókù. Ní ẹ̀yìn, ẹ máa ha á tẹ̀ lé ìlà wáyà náà, ẹ má ṣe gbá a kọjá lórí rẹ̀.

Tí mo bá wà ní ipò yín, mà, mi ò ní yọ ohunkóhun ní Houston. Ìrìn tó wà níwájú yín gùn, oòrùn á sì mú ọmọ. Ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbéra, ẹ ní kí onítíńtì kan wọn gbogbo gíláàsì náà fún yín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ará Dallas fèsì pé:

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà, èrò tèmi nìyí. Ṣé kò ní rọrùn kí Ìyá Àbẹ̀ní kàn fi nọ́ńbà ọkọ̀ Texas sílẹ̀ lára ọkọ̀ náà fún ọdún kan tàbí méjì? Mo ní ọ̀rẹ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àgbà Awakọ̀ fèsì pé:

Àbúrò, mo mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ lẹ fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn kò dáa. Ọgọ́ta ọjọ́ tí mo sọ kì í ṣe àbá. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń gbé ní Maryland tó ṣì ń fi nọ́ńbà ìpínlẹ̀ mìíràn rìn ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo ju ti tíńtì lọ. Ìwé ìbánigbófò ọkọ̀ náà á ṣì máa sọ pé Houston ni wọ́n ń gbé e sí lóru. Lọ́jọ́ tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, èmi kò fẹ́ kí ìyá ọmọ bẹ́ẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń bi í léèrè ìdí tí àdírẹ́sì inú ìwé rẹ̀ kò fi bá ti ilé rẹ̀ mu.

Ohun mìíràn tí ọ̀rọ̀ yín rán mi létí ni Washington, D.C. Ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé ní Maryland ló ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Òfin tiwọn béèrè 70% níwájú àti 50% lẹ́yìn fún sedan, ọ̀rọ̀ inú òfin náà sì mẹ́nu ba ọkọ̀ tí èèyàn ń wà àti èyí tó gbé kalẹ̀ sójú títì. Tí iṣẹ́ ọkọ Ìyá Àbẹ̀ní bá wà nínú D.C., kí wọ́n mọ èyí kí wọ́n tó yan nọ́ńbà ọ̀rá.

Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀ fèsì pé:

Ìyá Àbẹ̀ní, ọ̀rọ̀ ọmọ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti bá àwọn òbí tó ní ọmọ àfín ṣiṣẹ́ pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìṣòro méjì ni tíńtì yẹn ń bá yín yanjú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì yẹ kí ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀, torí oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Èkíní ni awọ ara. Ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní ultraviolet ló ń jó awọ àfín, ojú èèyàn kò sì rí i rárá. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ jẹ́ gíláàsì méjì tí wọ́n fi ike pẹlẹbẹ lẹ̀ mọ́ra, ó sì ń dí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ìtànṣán náà. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan, ó ń jẹ́ kí púpọ̀ nínú oríṣi tí wọ́n ń pè ní UVA kọjá. Ọ̀rá tó mọ́ gaara, tí èèyàn kò lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, lè dí 99% ìtànṣán yìí. Nítorí náà, ní ti awọ ara ọmọ yín, dúdú gíláàsì kọ́ ló ń dáàbò bò ó, bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀rá náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ooru: ọ̀rá tí wọ́n fi sẹ̀rámíìkì ṣe tó jẹ́ 50 lè dí ooru ju ọ̀rá aláró lásán tó jẹ́ 20 lọ. Onítíńtì lè jẹ́rìí sí i.

Èkejì ni ojú, ibẹ̀ ló sì ti le. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí gan-an ló ń dùn wọ́n, torí inú ojú àfín kò ní àwọ̀ tó yẹ kó mú ìmọ́lẹ̀ náà rọlẹ̀. Ọ̀rá tó mọ́ gaara kò lè ṣe ohunkóhun sí ìyẹn. Àwòjú dúdú àti fìlà tó ní etí gbòòrò á ṣe díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé gíláàsì tó dúdú ló ń jẹ́ kí ọmọ gbé orí sókè bí ẹ ṣe sọ.

Ìdí nìyẹn tí ìwé ìlera fi wà. Òfin Maryland fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó gbọ́dọ̀ sá fún oòrùn nítorí àìlera, ìwé ẹ̀rí dókítà ló sì dúró lé. Ṣùgbọ́n ìwé tí dókítà Houston kọ kò ní gbé yín dé ibi kankan níbẹ̀, torí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní irú ìwé àti irú dókítà tí ó ń gbà. Ní New York, fún àpẹẹrẹ, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọkọ̀ ló ń fọwọ́ sí i, ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí ń jẹ́ MV-80W, jíjẹ́ àfín sì wà lára àwọn àìlera tí wọ́n dárúkọ. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìyọ̀ǹda náà, torí láti ọdún 2017 ni wọ́n ti ń wọn tíńtì nígbà àyẹ̀wò ọdọọdún. Ní Virginia, ìyọ̀ǹda ìlera lè mú ẹ̀gbẹ́ iwájú wálẹ̀ dé 35%. Tiyín ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí: ẹ gba gbogbo àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ọmọ náà lọ́wọ́ dókítà Houston kí ẹ tó kúrò, kí ẹ sì ti gba àdéhùn lọ́dọ̀ dókítà ojú tàbí ti awọ ara ní Maryland ṣáájú kí ẹ tó gúnlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àdéhùn àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ irú dókítà bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ, ọgọ́ta ọjọ́ kò sì pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ MVA, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, irú ìwé tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ àti bó ṣe máa hàn nínú àyẹ̀wò ọkọ̀, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ lọ fún onímítà. Tí ìwé náà bá ti jáde, inú ọkọ̀ ni kó máa wà. Èyí tó wà nílé nínú àpótí kò lè gbèjà yín lójú títì.

Ìyá Àbẹ̀ní fèsì pé:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo gbé sedan náà lọ sọ́dọ̀ onítíńtì kan lánàá gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Iwájú lápá ọ̀tún ka 27, ti òsì ka 28. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì ka 16, gíláàsì ẹ̀yìn pátápátá ka 15. Onítíńtì tó wà láàárín wa, ẹ kú làákàyè. Ọkọ mi wo nọ́ńbà yẹn, ó tún wo rìsíìtì, ó dákẹ́.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. A ò ní yọ nǹkan kan títí a ó fi gúnlẹ̀. Tí a bá débẹ̀, jíìpù la máa kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, torí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ìṣòro, gíláàsì iwájú méjèèjì nìkan la máa pààrọ̀ ọ̀rá wọn. Inú rẹ̀ ni ọmọ á máa jókòó ní gbogbo àsìkò yẹn. Iwájú sedan, ọ̀rá sẹ̀rámíìkì 50 la máa lẹ̀ síbẹ̀, torí èmi nìkan ló ń jókòó níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúró lórí ìwé dókítà: tí ìwé bá jáde kí ọgọ́ta ọjọ́ tó pé, a ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, tí kò bá jáde, a ó bó o, a ó lẹ 50 mọ́ ọn kó lè yege, a ó sì dá dúdú rẹ̀ padà lọ́jọ́ tí ìwé bá tẹ̀ wá lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé owó ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn, Àgbà Awakọ̀, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀, mo pe ilé ìwòsàn ojú kan ní Maryland láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ kejìdínlógójì lẹ́yìn tí a bá dé ni àyè tó yá jù tí wọ́n ní, mo sì ti gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ irú àwòjú tó lè dúró lójú ọmọ ọdún mẹ́fà tí kì í jẹ́ kí ohunkóhun pẹ́ ní imú rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀ fèsì pé:

Ẹ wá èyí tí apá rẹ̀ yí etí ká, tó sì ní okùn rírọ̀ lẹ́yìn orí, kí etí férémù rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kí ìmọ́lẹ̀ má baà gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ mú àwọ̀ tó bá wù ú.

Ìyá Àbẹ̀ní fèsì pé:

Pupa ló mú.